Ẹ Má Pe Gbogbo Ẹja Ní Ẹja Kan Náà

Ẹja àrọ̀ ló ń san owó ilé ìwé mi. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ tí kò mọ ohun tí ebi ń jẹ́ ló jókòó tó ń kọ àròkọ nípa ẹja. Màmá mi ní táǹkì méjì àti pọ́ńdù oníbíríkì kan lẹ́yìn ilé wa ní Festac Town. Àwọn tó ń ta point and kill ló ń wá ra ẹja lọ́wọ́ wọn. Bí ọjà bá yá, a ó san owó ìdánwò lásìkò. Bí kò bá yá, a ó máa bẹ̀bẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, nínú oṣù Keje, òjò kan rọ̀ mọ́jú. Omi gọ́tà kún, ó bo títì, ó wọ àgbàlá wa, ó sì kún pọ́ńdù dé etí. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ẹja ti ń lúwẹ̀ẹ́ lójú títì. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pariwo, wọ́n ń fi agbọ̀n àti àpò ìrẹsì lé wọn kiri. Bàbá àgbàlagbà kan dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ẹja náà ni ẹja. Wọn yóò lọ bí sí i nínú odò, a ó tún rí i jẹ." Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí létí. Nígbà tí omi fà, mo kó àwọn ẹja tí wọ́n ti ràn, tí wọn kò dàgbà mọ́, tí màmá mi kò rí tà, sínú korobá kan. Mo gbé wọn lọ sí kànáàlì, mo sì dà wọ́n sínú omi. Mo rò pé oore ni mo ṣe.

Kì í ṣe oore rárá. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn, "ẹja náà ni ẹja," ni mo wá bá jà lónìí, nítorí pé bí àwa ọmọdé ṣe ń sọ ọ́ ni àwọn àgbà ń sọ ọ́. Gbogbo ẹja kì í ṣe ẹja kan náà, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àyẹ̀wò àbùdá ló lè ṣe é. Títí tí a ó fi ṣe àyẹ̀wò yẹn, tí a ó sì mọ ẹja tó jẹ́ ti omi wa gan-an, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti da ẹja pọ́ńdù sínú odò àti ọ̀sà wa, ìbáà ṣe ọmọ ilé ìwé tó gbé korobá, ìbáà ṣe ìjọba tó fi ọkọ̀ akẹ́rù kó ọmọ ẹja wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ ṣàlàyé. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá fẹ́ fẹ́ ara wọn ní Nàìjíríà, ìbéèrè kan wà tí pásítọ̀, ìmáàmù tàbí òbí kò ní ṣàì bi wọ́n: "Kí ni genotype yín?" Ènìyàn méjì lè ga bákan náà, kí ara wọn le bákan náà, kí ọ̀kan jẹ́ AA, kí èkejì jẹ́ AS. Kò sí ìyá tó lè fi ojú mọ̀ ọ́n, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mú tó. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i. Bí AS méjì bá fẹ́ra wọn láìmọ̀, ọmọ tí wọ́n bá bí ni ìyà lè jẹ. A ti gba èyí gbọ́ fún ọmọ ènìyàn. Ẹja náà ní àbùdá tó jogún lọ́dọ̀ akọ àti abo tó bí i, ó wà nínú DNA rẹ̀ bí tiwa ṣe wà nínú tiwa. Kí ló wá dé tí a rò pé ojú lásán tó fún ẹja?

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti rò bẹ́ẹ̀ rí, ojú sì tì wọ́n. Ní ìpínlẹ̀ Colorado, ẹja trout kan wà tí wọ́n ń pè ní greenback. Àwọn ènìyàn kó ẹja trout láti ibòmíràn wá dà sínú odò ibẹ̀, wọ́n sì pẹja àbínibí náà títí wọ́n fi rò pé ó ti parun. Nígbà tó yá, wọ́n rí díẹ̀ tó jọ ọ́ nínú àwọn odò kéékèèké orí òkè, inú wọn dùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín, wọ́n ń kó ọmọ rẹ̀ dà sínú odò kan tẹ̀ lé òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2007 ni àyẹ̀wò DNA fi hàn pé púpọ̀ nínú ẹja tí wọ́n ń tọ́jú kì í ṣe greenback rárá. Ní 2012, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ DNA ẹja tí wọ́n ti fi pamọ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún wò, wọ́n fi wé ti àwọn ẹja tó wà láàyè. Odò kékeré kan ṣoṣo, Bear Creek, ni ojúlówó greenback kù sí. Ẹ rò ó wò: owó ìjọba, ọgbọ́n, làálàá ọ̀pọ̀ ọdún, ẹja ẹlẹ́ja ni wọ́n ń tọ́jú. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn ẹja wọn. Ojú ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Omi ẹ̀yìn Festac kò dá dúró. Ó so mọ́ ọ̀sà tó gba Badagry wá, ibi tí Odò Yewa ń ṣàn sí, ó sì so mọ́ omi tí àwọn apẹja Ibeshe, Irede àti Tomaro ń náwọ́ sí, tí gbogbo wọn wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin kan náà pẹ̀lú wa. Nínú omi yìí ni ẹpìyà wa kan wà tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú. Akọ rẹ̀ ni ó ń kó ẹyin sẹ́nu, tí yóò gbé e títí yóò fi di ọmọ. Nígbà ẹ̀rùn, omi òkun á wọlé, ọ̀sà á níyọ̀. Nígbà òjò, omi odò á ti iyọ̀ jáde, ọ̀sà á di omi dídùn. Ẹpìyà yìí ń yè é ní àsìkò méjèèjì. Kò sí ẹni tó fún un ní oúnjẹ, kò sí ẹni tó fún un ní oògùn. Láti ìrandíran ni omi wa ti ń ṣa èyí tó lè gbé inú rẹ̀, èyí tí kò lè gbé e ti bá omi lọ. Àbùdá tó kù sínú ara rẹ̀ ni ọgbọ́n gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ẹja pọ́ńdù kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti bá màmá mi dé ibi tí wọ́n ti ń pa ọmọ ẹja, mo sì rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gún abo àrọ̀ ní abẹ́rẹ́, wọ́n á fún ẹyin rẹ̀ jáde. Wọ́n á pa akọ kan, wọ́n á la inú rẹ̀, wọ́n á mú àtọ̀ rẹ̀ pò mọ́ ẹyin náà. Abo ńlá kan lè ní ẹyin tó ju 20,000 lọ, akọ kan sì tó fún abo púpọ̀. Nítorí náà, ọmọ ẹja tó kún táǹkì bámúbámú lè jẹ́ ọmọ bàbá kan àti ìyá méjì. Nínú wọn ni olùsìn ẹja yóò tún ti mú èyí tí yóò bímọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ ìyá ń bá ọmọ ìyá bímọ, àbùdá wọn ń dín kù. Irú kan sì wà tí a ń pè ní Dutch, àrọ̀ tí wọ́n ti sìn fún ìgbà pípẹ́ ní Netherlands kó tó padà wá sọ́dọ̀ wa. Òmíràn jẹ́ àmúlùmálà, tí wọ́n fi àtọ̀ irú ẹja mìíràn pò mọ́ ẹyin àrọ̀ kó lè tètè tóbi. Gbogbo èyí dára nínú pọ́ńdù. Mo jẹ nínú rẹ̀, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹja tí a ṣà kó lè jẹun yó kó sì tètè sanra kọ́ ni a ṣà kó lè la ẹ̀rùn já nínú irà. Bí ó bá bọ́ sínú odò tó sì bá ti odò bímọ, àìlera tirẹ̀ yóò wọ inú ẹbí àwọn tó ń gbé odò.

Ẹ má rò pé àlá ni mò ń lá. Àrọ̀ wa yìí gan-an ti ṣe é fún ẹlòmíràn. Ní Thailand, wọ́n ní ẹja tó bá àrọ̀ wa tan, tí adùn rẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n tí kì í tètè dàgbà. Wọ́n mú àrọ̀ láti Áfíríkà, wọ́n fi pò mọ́ tiwọn, wọ́n rí àmúlùmálà tó dùn tó sì ń yára tóbi, gbogbo olùsìn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín. Lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ẹja inú odò wọn wò, wọ́n bá àbùdá àrọ̀ Áfíríkà lára àwọn ẹja àbínibí wọn. Ìwádìí náà jáde ní 2004. Lójú, ẹja wọn ni. Nínú ẹ̀jẹ̀, tiwa ti wọ ibẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Ghana, ó sì ni èyí tó dùn mí jù. Láti 1988, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Philippines, tí wọ́n ń pè ní ICLARM nígbà náà, rán ènìyàn wá sí Egypt, Ghana, Kenya àti Senegal láti kó ẹpìyà odò Náì láti inú omi ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n kó wọn pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ti ń sìn ní Éṣíà, wọ́n ń ṣa èyí tó yára dàgbà jù láti ìran dé ìran, títí wọ́n fi rí èyí tí wọ́n sọ lórúkọ GIFT. Ẹja yìí ń bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Éṣíà lónìí. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe jẹ́: ohun tó sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀ ẹja, inú odò wa ló ti jáde. Bí odò wa bá ti bàjẹ́ nígbà náà, kí ni wọn ìbá rí kó? Nígbà tó yá, àwọn kan kó GIFT wọ Ghana láìgba àṣẹ, wọ́n ń sìn ín nínú àgò lórí Odò Volta. Ní 2019, ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé àbùdá GIFT ti wà lára ẹpìyà tó ń gbé ìsàlẹ̀ Odò Volta. Orísun tí ayé ti wá bu omi ni a ti ń da omi ẹlòmíràn sí yìí.

Nígbà tí mo sọ èyí fún màmá mi, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé kí n máa ṣe genotype fún ẹja kí n tó dín in ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi wà nínú ẹ̀rín yẹn: ebi ń pa ènìyàn, ẹ sì ń sọ̀rọ̀ àbùdá. Ìdáhùn mi ni pé nítorí ebi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Owó oúnjẹ ẹja ló ń jẹ èrè màmá mi tán. Ẹja odò kì í béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun ni ẹja ẹni tí kò lówó, òun ni iṣẹ́ apẹja tí kò ní ilẹ̀ tí yóò gbẹ́ pọ́ńdù sí. Lọ́jọ́ tí àrùn bá sì wọ gbogbo pọ́ńdù tí ẹja inú wọn jẹ́ ọmọ bàbá kan, inú odò ni a ó tún ti lọ wá èyí tó lè yè é. Àgbẹ̀ tó gbọ́n kì í se àgbàdo irúgbìn rẹ̀ jẹ.

Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ tó ń pa ẹja wa kọ́ nìyẹn. Wọ́n ní ike, epo, omi ìdọ̀tí àti àwọn tó ń da yanrìn sínú irà láti kọ́lé ni ká kọjú sí. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, mo sì ń rí ike nínú kànáàlì wa lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ike ṣeé kó. Bí ogún ọmọ ilé ìwé bá wọ bàtà òjò ní Sátidé, wọn yóò kó o kúrò. Ta ni yóò wọ inú ọ̀sà lọ yọ àbùdá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ẹja? Ẹ rántí ewé orí omi tí wọ́n ń pè ní water hyacinth. Ní 1984 ni wọ́n rí i ní omi Badagry. Títí di òní, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣì ń bá a jà. Ewé nìyẹn o, tí ojú ń rí, tí ọwọ́ sì lè fà tu.

Ẹlòmíràn á ní ọ̀rọ̀ olówó ni, ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, a kò ní ohun èlò. N kò gbà. Ní oṣù Kẹta 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Redeemer's University ní Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ka àbùdá àrùn kòrónà láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn sì ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ẹni tó lè ka ti àrùn tí ojú kò rí lè ka ti ẹja. Láti 1975 ni a ti ní iléeṣẹ́ ìwádìí òkun àti ẹja, NIOMR, ní Victoria Island níbí. Láti 1987 ni NACGRAB ti wà ní Ìbàdàn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú àbùdá ohun ọ̀gbìn àti ohun ọ̀sìn. LASU kò jìnnà sí wa ní Ọ̀jọ́, wọ́n sì ń kọ́ ènìyàn ní ìmọ̀ ẹja níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kò ju pé kí wọ́n gé díẹ̀ lára lẹbẹ ẹja, èyí tí ó fi ń lúwẹ̀ẹ́, kí wọ́n fi sínú ìgò ọtí líle, kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti mú un sára rẹ̀, kí wọ́n sì dá ẹja náà padà sínú omi láàyè.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mò ń béèrè. Èkíní, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó má ṣe jẹ́ kí wọ́n da ọmọ ẹja kankan sínú odò tàbí ọ̀sà láìjẹ́ pé àyẹ̀wò àbùdá ti sọ ibi tí ó ti wá, kí ẹnikẹ́ni sì má ya fọ́tò pẹ̀lú korobá ọmọ ẹja kó pè é ní oore. Èkejì, kí àwọn onímọ̀ wa lọ láti Badagry dé Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n gba lẹbẹ lára àrọ̀, ẹpìyà àti ọ̀bọ̀kún, kí wọ́n mọ ibi tí ojúlówó ṣì wà, kí wọ́n sì fi àtọ̀ wọn pamọ́ sínú òtútù gidi kí ọjọ́ burúkú tó dé. Ẹ̀kẹta, kí àwa tí a ń sin ẹja gbé etí pọ́ńdù wa ga ju ibi tí omíyalé ń dé, kí a ta àwọ̀n bo ojú rẹ̀ àti ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde, kí a má sì da ẹja tí a kò rí tà sínú kànáàlì.

Yorùbá ní bí omi bá dànù, bí agbè kò bá fọ́, a ó tún omi mìíràn pọn. Ẹja pọ́ńdù ni omi. Bí ó bá kú, bí òjò bá gbé e lọ, a ó sunkún, a ó yá owó, a ó tún ra ọmọ ẹja mìíràn. Ẹja odò ni agbè. Ìlú tí mò ń gbé yìí, nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti 1977 ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, kí ayé lè wá wo ohun tó jẹ́ tiwa. Ìtìjú ni yóò jẹ́ bí a bá ń gbé ní Festac, tí a kò sì mọ èyí tó jẹ́ tiwa nínú omi ẹ̀yìn ilé wa.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. N kò kọ èyí láti fi bú bàbá àdúgbò wa. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n sọ, èmi ni mo gbé korobá. Ní òjò ọdún yìí, màmá mi bínú sí owó àwọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n rà á. Èmi ni mo ta á bo ojú pọ́ńdù wa. Èyí tí mo dà sínú kànáàlì lọ́dún tó kọjá kò ṣeé pè padà mọ́, n kò sì mọ ibi tí wọ́n dé. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé korobá tirẹ̀ lọ síbẹ̀.